Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé másítà nìkan tó láti ṣe iṣẹ́ físíìsì ìṣègùn?

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé ọwọ́ wa láti Ìkòròdú lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀kọ́ físíìsì ìṣègùn (lílo físíìsì láti wọn ìtànṣán tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò àti tọ́jú aláìsàn, kí ó má bàa pa wọ́n lára) lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Nítorí pé iṣẹ́ náà ni mò ń ṣe jẹun ní ilé ìwòsàn, tí mo sì ń gbé ní Ìkòròdú níbí, olótùú ní kí n dá àwọn tó kọ̀wé lóhùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé ohun tí ẹni tó kọ ọ́ béèrè ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í rántí béèrè títí owó fi máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ipele kejì ti òkè ni mo sì fi jáde. Láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Agric. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo máa ń sin ìyá bàbá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan tí kì í ṣe dókítà, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé físíìsì lòun náà kà, tí àwọn dókítà sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó lo ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fà sí iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ti gba másítà nínú rẹ̀, ṣé mo ti di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn? Irú ilé ẹ̀kọ́ wo ni kí n lọ, kí sì ni kí n máa ṣe báyìí kí n tó wọlé?

Olùkọ́ físíìsì, Agric, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ìyá àgbà. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Másítà nìkan kò tó. Fi èyí sọ́kàn kí o tó ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kankan, nítorí mo ti bá àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ pàdé, tí wọn kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtọ́jú rí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì, tí a mọ̀ sí IAEA, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2013 pé ohun mẹ́ta ló ń sọ ènìyàn di onímọ̀ físíìsì ìṣègùn tí a lè fi aláìsàn lé lọ́wọ́: oyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì tàbí ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ọn, oyè gíga nínú físíìsì ìṣègùn, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lójú iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, lábẹ́ ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá, òun gan-an sì ni iṣẹ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, kí o lè mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé láràárọ̀, a máa ń wọn ìtànṣán tí linac, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, ń tú jáde. Ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò tóbi ju ìdérí bírò lọ. Inú rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ìtànṣán tó bá sì kọjá nínú afẹ́fẹ́ náà máa ń mú kí iná mànàmáná bín-ín-tín jáde, èyí tí a ó kà. Ìwọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin gáàsì mọ ohun tó kàn: bí yàrá bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú ohun èlò náà á fẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á jáde, ohun tí a kà á sì dínkù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka tẹmómítà àti ohun tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́, kí a sì dá ìṣirò padà sí bí ì bá ṣe rí ní ìwọ̀n ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo to ohun èlò sílẹ̀ de àárọ̀, mo ka tẹmómítà, mo sì kọ 22 sínú ìwé. Iná lọ lóru, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, 22 tí mo kọ sílẹ̀ ni mo lò, nígbà tí yàrá náà ti dé 29. Ìṣirò mi wá fi hàn pé ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tú jáde fi ìdá méjì ó lé nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tó yẹ, mo sì ti ń múra láti ní kí wọ́n fà á sókè. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wo ìwé náà, wọn ò wo ìṣirò rárá, wọ́n kàn béèrè pé, “Ìgbà wo lo ka tẹmómítà?” Mo lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ká ní wọ́n ti fa ẹ̀rọ náà sókè, gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ì bá gba ju ohun tí dókítà kọ fún un. Ohun tí gbogbo ayé fara mọ́ ni pé àṣìṣe tó wà láàárín ohun tí dókítà kọ àti ohun tó dé ara aláìsàn kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí a bá ro gbogbo àṣìṣe inú ètò náà pọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán títí dé orí ibùsùn. Tẹmómítà kan ṣoṣo ti fẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìlànà ìṣirò náà wà nínú ìwé tí mo kà fún másítà, máàkì tó dára ni mo sì gbà nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró tì mí ló kọ́ mi pé iná Nàìjíríà wà nínú ìṣirò náà pẹ̀lú.

Bí ibi tí àṣìṣe lè wà nínú iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn: kì í pariwo. Ní orílẹ̀-èdè Panamá, láàárín ọdún 2000 sí 2001, aláìsàn 28 ló gba ìtànṣán tó pọ̀ jù nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà fi àwọn ohun ìdènà ìtànṣán sínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìtọ́jú. Kọ̀ǹpútà náà gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì mú èsì jáde, wọn kò sì fi ọwọ́ tún ìṣirò náà ṣe láti wò ó bóyá ó bá ara mu.

Nítorí náà, bí o bá ń yan ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Kọ̀wé sí ẹ̀ka náà, kí o béèrè pé: ilé ìwòsàn wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń lọ, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ wo ló wà níbẹ̀, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ta ni onímọ̀ físíìsì ìṣègùn tó ń mójú tó wọn níbẹ̀? Bí wọ́n bá fún ọ ní orúkọ ilé ìwòsàn tí wọn kò sì lè dárúkọ ẹni tí yóò dúró tì ọ́, tún béèrè. Bí o bá lè dé ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ, ó tún dára jù. Èkó àti Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ ní kí o wò, torí pé yunifásítì tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn ńlá tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ. UCH ní Ìbàdàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi owó NSIA, àjọ tó ń fi owó ìjọba Nàìjíríà dókòwò, kọ́ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà sì ṣí ní ọdún 2019. Láti Ìkòròdú, Ìdí-Àràbà kò jìnnà ju ohun tí ẹni tó bá tètè jí lè máa lọ, tó sì lè máa bọ̀.

Má fojú di Gánà. Ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ núkílíà tí Yunifásítì Gánà àti àjọ átọ́míìkì orílẹ̀-èdè náà jọ dá sílẹ̀ ní Kwabenya, lẹ́bàá Accra, ń kọ́ni ní físíìsì ìṣègùn ní ìpele oyè kejì, IAEA sì ti fi í ṣe ibùdó tí àwọn ará Áfíríkà lè ti gba ẹ̀kọ́. Èyí tó tún yẹ kí gbogbo ọmọ físíìsì tó kà dáadáa ní ilẹ̀ wa mọ̀ ni ti Trieste ní Ítálì. ICTP, ibùdó ìmọ̀ físíìsì àgbáyé tí Abdus Salam ará Pakistan dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1964 nítorí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀, àti yunifásítì ìlú náà ló jọ ń ṣe ètò ọdún méjì nínú físíìsì ìṣègùn. Kíláàsì ni ọdún àkọ́kọ́. Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lo ọdún kejì. Ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀ ni wọ́n fi ìdajì ètò náà ṣe.

Ní Bìrìtìkó, àwọn tó bá gba ipò nínú ètò ọdún mẹ́ta tí ètò ìlera ìjọba ń ṣe máa ń gba owó oṣù, wọ́n á sì ka másítà lẹ́nu iṣẹ́. Ipò náà kò pọ̀, ìdíje rẹ̀ sì le. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ tí CAMPEP, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ físíìsì ìṣègùn wò, fọwọ́ sí ni kí o wá, lẹ́yìn náà ni ọdún méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn tí àjọ kan náà fọwọ́ sí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní Amẹ́ríkà tí kò ní ìfọwọ́sí yìí, má ṣe tìtorí orúkọ ìlú san owó fún un.

Ní ti ohun tí o lè máa ṣe báyìí, àǹfààní ńlá ni pé o ń kọ́ni. Ohun tó wà lójú pátákó rẹ ní SS3 ni a ń lò lójoojúmọ́. Mú ọ̀rọ̀ bí agbára ohun tó ń tú ìtànṣán ṣe ń dín sí ìdajì. Cobalt-60, tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò, máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìtumọ̀ èyí fún ìyá àgbà tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni pé bí ìtọ́jú rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú méjì lónìí, ẹni tó bá wá fún irú rẹ̀ gan-an ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sí i yóò dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, àti pé láti oṣù kan sí èkejì, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún àkókò náà. Fi irú àpẹẹrẹ yìí kọ́ àwọn ọmọ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ yóò mọ̀ ọ́n sí i, wàá sì máa mura fún ọjọ́ tí dókítà yóò ní kí o ṣàlàyé ìṣirò rẹ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Padà sí ìwé ìṣirò yunifásítì rẹ, pàápàá jù lọ apá tó dá lórí ìṣirò ìyípadà àti ìṣirò àkójọ iye (calculus), kí o sì tún ka físíìsì átọ́ọ̀mù àti ti núkílíọ́ọ̀sì. Kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Python. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti gbó pàápàá lè gbé e. Wá ìwé kan tó sọ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, kí o mọ ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà sí ara wọn, nítorí ẹni tó ń ṣètò ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ọyàn apá òsì gbọ́dọ̀ mọ bí ọkàn ṣe sún mọ́ ibẹ̀ tó. Ìwé IAEA lórí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ̀rẹ̀ ètò gbígba èsì yunifásítì rẹ kíákíá pẹ̀lú; ohun tó lè gba oṣù mélòó kan ni, má dúró de ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù fẹ́ pa.

Mi ò ní fi iṣẹ́ tàn ọ́. Ẹ̀rọ ìtọ́jú onítànṣán kò pọ̀ tó ní Nàìjíríà, nítorí náà ipò tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ náà ju ti jẹjẹrẹ lọ: àyẹ̀wò ẹ̀rọ X-ray àti CT wà níbẹ̀, lílo egbòogi onítànṣán fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú wà níbẹ̀, ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán náà sì wà níbẹ̀, èyí tí NNRA, àjọ ìjọba Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ń mójú tó láti ọdún 2001. Jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ fẹ̀ dé gbogbo rẹ̀ kí o tó dúró sórí ẹyọ kan.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyáàfin. Èmi ìyá ọlọ́mọ ni mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi ní Èbúté Ìkòròdú. Ọmọbìnrin mi ti ka físíìsì jáde, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìtànṣán ilé ìwòsàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ. Òun nìkan ni obìnrin tí mo bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ìyá ọlọ́mọ, Èbúté

ÌDÁHÙN

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ni màá sọ, nítorí pé èmi náà bímọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ìtànṣán lè pa ènìyàn lára bí ó bá pọ̀, gẹ́gẹ́ bí iná ààrò yín ṣe lè jó ènìyàn. Ẹ̀yin kì í ki ọwọ́ bọ ààrò. Ẹ máa ń dúró jìnnà díẹ̀, ẹ kì í pẹ́ níwájú rẹ̀, ẹ sì máa ń fi nǹkan dí ojú iná. Ohun mẹ́ta yìí náà ni àwa ń ṣe. Ẹni tó bá jìnnà sí ohun tó ń tú ìtànṣán ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń bà á tẹ́lẹ̀ ni yóò máa bà á. Ògiri yàrá ẹ̀rọ linac, níbi tí ìtànṣán bá dojú kọ, lè jẹ́ kọnkéré tó nípọn tó mítà méjì, aláìsàn nìkan ló sì ń wà nínú yàrá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Àwa wà níta, à ń fi ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wò ó. Bí wọ́n bá sì ti pa ẹ̀rọ náà, kò sí ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ mọ́, bí gílóòbù tí a pa.

Ọmọ yín yóò máa gbé ohun kékeré kan sí àyà, tó ń ka ìtànṣán tó bà á. Wọ́n á máa gbà á lọ wò, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ sí orúkọ rẹ̀. Òfin àgbáyé ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju millisievert 20 (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìtànṣán tó bá ara) lọ lọ́dún, bí a bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti rí, gbogbo wa ni ilẹ̀, oúnjẹ àti òfuurufú ń fún ní nǹkan bí millisievert 2.4 lọ́dún láìlọ síbì kankan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀lé òfin nínú iṣẹ́ wa kì í sì í sún mọ́ 20 náà. Ìwọ̀n tó ń ba ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí bó ti yẹ kò tó ohun tó lè sọ obìnrin di àgàn, ó kéré sí i lọ́nà tó jìnnà gan-an. Ọjọ́ tó bá lóyún, kó tètè sọ níbi iṣẹ́: láti ọjọ́ náà, ọmọ inú rẹ̀ ni wọ́n á ka òfin sí, kò sì gbọdọ̀ gbà ju millisievert 1 lọ títí yóò fi bí i. Wọ́n lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìgbà náà. Bí wọ́n bá gbà á sí ibi tí wọn kò ti fún un ní ohun àyà yẹn, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín ní gbòǹgbò, mi ò ní bò ó. Marie Curie, ìyá tó ṣàwárí radium, ohun kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní ọdún 1898, fi ọwọ́ lásán mú un fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì mọ ewu rẹ̀ nígbà náà. Ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ kejì ní ọdún 1904, lẹ́yìn ìwádìí náà, ṣùgbọ́n àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní ọdún 1934, ìtànṣán ni wọ́n sì kà sí ohun tó fà á. Gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ yìí ni a fi irú ikú bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ ìyá yìí náà ni IAEA fi sọ ètò ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 fún àwọn obìnrin tó ń ka másítà nínú ìmọ̀ núkílíà, físíìsì ìṣègùn sì wà lára rẹ̀: ó lè tó owó Yúróòpù (euro) 10,000 lọ́dún fún owó ilé ẹ̀kọ́, àti 10,000 mìíràn fún oúnjẹ àti ilé, fún ọdún méjì. Ẹ ní kí ọmọ yín wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì IAEA. Ó gbọ́dọ̀ ti gba àyè ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí kí ó ti wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́. HND físíìsì pẹ̀lú ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni mo ní, ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ Ìkòròdú ṣì jẹ́ pólì ni mo ti gbà á, ọdún mẹ́jọ sì ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógúnyán. Ṣé ọ̀nà wà fún èmi náà?

Òṣìṣẹ́, Odógúnyán

ÌDÁHÙN

Ọ̀nà wà, ó kàn gùn díẹ̀ ni. Pólì yín ti di yunifásítì láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n HND tí ẹ ní lọ́wọ́ kò yí padà. Yunifásítì wa sábà máa ń ní kí ẹni tó bá ní HND kọ́kọ́ gba dípúlómà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì kó tó lè wọlé fún másítà, máàkì tó dára sì ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Fi ọdún kan sí ọdún méjì kún ìṣirò yín nítorí èyí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó sì ti lo ọdún mẹ́jọ ní ilé iṣẹ́ ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ X-ray, CT àti linac ṣe ń wá kiri, másítà kò sì pọn dandan fún iṣẹ́ náà. Bákan náà, àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń lo ohun onítànṣán láti wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó tàbí ibi tí ohun inú táńkì dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bójú tó ààbò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bóyá irú rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ yín. Bí ó bá wà, ẹ ní kí wọ́n rán yín lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò ìtànṣán, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé béèrè àyè dípúlómà náà.